Ẹlẹ́búrẹ́dì Tí Kì Í Sọ̀kalẹ̀

Ṣọjí, ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nípa rẹ̀ kí n tó bá ọ lọ sí ilé àwọn àna rẹ. Jókòó. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ojú ń kán ọ. Ojú ti ń kán ọ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, òun náà ló sì gbé ọ dé ibi tí o dé yìí. Jókòó, má wo ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin yìí ń gbé ní ìlú kan tó wà lórí òkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbé búrẹ́dì láti ilé ìyá oníbúrẹ́dì lọ sí àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀. Ìdájí ló ń gbé e, kí àwọn àgbẹ̀ tó jáde lọ sóko. Àgbẹ̀ tí kò bá tètè rí búrẹ́dì á mu ẹ̀kọ, tó bá sì ti mu ẹ̀kọ, kò ní ra búrẹ́dì mọ́ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tó dára ni. Òun ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Kò ní oko, kò sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Bí iṣẹ́ búrẹ́dì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó kù.

Kẹ̀kẹ́ ló fi ń ṣe é. Tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúdú àtijọ́ ló ní, irú èyí tí àwọn bàbá wa gùn, tí ẹ̀yà rẹ̀ wà ní gbogbo ọjà. Nígbà tó rí owó díẹ̀ kó jọ, ó lọ ra tòkunbọ̀, irú kẹ̀kẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Táyà rẹ̀ nípọn, ó ní eyín bí eyín àgbàdo. Ó ní jíà níwájú, ó ní jíà lẹ́yìn. Ọrùn rẹ̀ ní sípíríǹgì. Bó bá bọ́ sínú kòtò, á tẹ̀, á tún dìde. Nígbà tó gbé e wọ ìlú, àwọn ènìyàn yí i ká. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́, ẹṣin ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde láti ìlú náà lọ sísàlẹ̀. Ní etí ìlú, kí ọ̀nà tó dorí kodò, igi òdan kan wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn arúgbó máa ń jókòó sí láti ìdájí, nítorí oorun kì í pẹ́ lójú àgbà. Wọ́n á máa retí oòrùn. Àwọn kan á máa lọ́ okùn, àwọn kan á máa pa ẹ̀gúsí. Bí ènìyàn bá ti kọjá igi náà, orí àpáta ló kù. Òkúta ńlá ni, ó lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ó sì ń yọ̀.

Àṣà ìlú náà ni pé ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ dé ìdí òdan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Wọ́n á bi í pé ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé ara ìyá ti yá. Wọ́n á súre fún un. Lẹ́yìn náà á máa fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí kò bójú mu kí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ kí ó sì fò gun kẹ̀kẹ́ lójú àgbà. Nígbà tí yóò bá fi jìnnà sí wọn tó, ó ti kọjá àpáta. Bí gbogbo ìlú ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Kò sí ẹni tó tún béèrè bóyá nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀.

Ọkùnrin wa máa ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ dúdú. Ìgbà tó ra tòkunbọ̀ ló ṣíwọ́. Ó ní ẹni tó ń gbé oúnjẹ àárọ̀ kò ráyè "ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́." Bó bá ti ń sún mọ́ ìdí òdan, á ti ké láti òkèèrè pé, "Ẹ kú ìdájí o, ẹ̀yin àgbà! Ẹ kú ìjókòó!" Á na ọwọ́ ọ̀tún sókè, á kọjá lọ fìrì. Ọwọ́ tó nà sókè yẹn ló yẹ kó fi di bíréèkì mú. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń darí kẹ̀kẹ́ wọ orí àpáta, pẹ̀lú búrẹ́dì tó ga ju orí rẹ̀ lọ lẹ́yìn.

Ìyá àgbà kan wà lára àwọn tó ń jókòó níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìyá yìí máa ń na ọwọ́ sí i, tí ẹnu rẹ̀ á máa mì. Ọkùnrin wa rò pé wọ́n ń súre fún òun. Ó ń ké "Àmín o!" lọ.

O ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín dáadáa, a ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ.

Kò pẹ́ tó fi ṣubú, tí òkúta gbá jíà ẹ̀yìn, tí apá rẹ̀ ṣẹ́ bọ́. Ọkùnrin kan wà ní ọjà ìsàlẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́. Ó gbé e lọ bá a. Atajà náà dárúkọ iye kan, kò wọ́n jù. Ẹlẹ́búrẹ́dì kùn díẹ̀, ó san án, wọ́n sì fi òmíràn sí i.

Oṣù yẹn kò tíì parí tí ríìmù iwájú fi wọ́. Ó tún padà lọ.

"Ẹlẹ́búrẹ́dì, ẹ káàbọ̀. Kí la tún fọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Èló ni ríìmù?"

Atajà sọ iye rẹ̀.

"Háà! Irin lásán? Ṣé wúrà ni wọ́n yọ́ sínú rẹ̀ ni?"

"Owó ọjà ń gòkè, ọ̀gá mi. Kì í ṣe ẹjọ́ tèmi."

"Gbogbo nǹkan ṣáà ń gòkè ní ilẹ̀ yìí!"

"Gbogbo nǹkan kọ́. Kẹ̀kẹ́ tiyín ṣì ń já bọ́ sísàlẹ̀."

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó san owó náà bí ẹni ń san owó ìtanràn, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìjọba àti ti àwọn ọlọ́jà títí ó fi délé.

Kí n sọ ìdí tí owó náà fi ń gòkè fún ọ, nítorí òun gan-an kò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ dúdú wà káàkiri, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ kan kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ èkejì. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó jọ tirẹ̀ ni atajà náà ní. Ó ti kú, ó wà lórí ìkọ́ lára ògiri, òun ni atajà ń tú ẹ̀yà ara rẹ̀ tà. Bó ti ń tú u ni ó ń kù díẹ̀. Bó ti ń kù díẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́kù ń wọ́n sí i. Òótọ́ ni pé gbogbo ọjà ló gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́búrẹ́dì gan-an wà lára àwọn tó ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bi í ní pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá wọn, níbo gan-an ló ti ń fọ́?"

Ó ní, "Ṣé ìwọ náà ti di atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni? Gbé oúnjẹ wá."

Obìnrin náà gbé oúnjẹ wá. Kò béèrè mọ́.

Ó dé ìpàdé àdúrà, ó dìde dúró. Ó ní kí ìjọ bá òun bẹ Ọlọ́run kí owó ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ wálẹ̀. Wọ́n bá a gbà á. Ìyá oníbúrẹ́dì pàápàá ṣe àmín sí i. Owó kò wálẹ̀. Ṣọjí, mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àdúrà mìíràn wà tó jẹ́ pé Ọlọ́run ti fi ìdáhùn rẹ̀ sí ẹnu ẹni tí à ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀. Àwa ni kì í dúró.

Nígbà tí ọrùn onísípíríǹgì ṣẹ́, owó rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Owó àjọ tí ìyàwó rẹ̀ ń dá láti fi ra ẹ̀rọ ìlọta ló kó lọ rà á. Ó ní òun á dá a padà. Bó sì ti ń retí kí atajà fi ìyẹn sí i fún un, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, búrẹ́dì ń pẹ́, àwọn àgbẹ̀ ń mu ẹ̀kọ.

Ìyá oníbúrẹ́dì ránṣẹ́ pè é. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo.

"Ọmọ mi, àwọn ará abúlé ní búrẹ́dì mi ní iyanrìn nínú."

"Ẹ forí jì mí, Ìyá. Owó ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ló ń dà mí láàmú."

"Mi ò béèrè owó ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ní iyanrìn wà nínú búrẹ́dì."

"Kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́, Ìyá."

"Bẹ́ẹ̀ lo wí lọ́jọ́sí. Obìnrin kan wà tó ń gun kẹ̀kẹ́ dúdú. Ó ti wá bẹ̀ mí fún iṣẹ́ yìí. Mi ò tíì dá a lóhùn."

O rò pé ó gbọ́? Ó gbọ́ pé kí òun yára sí i. Ohun tí ẹni tí ojú ń kán máa ń gbọ́ nìyẹn. Bí o bá sọ fún un pé iná ń bọ̀, á ní kí o kúrò lọ́nà kí òun lè sáré wọ inú rẹ̀.

Ọjọ́ tó burú dé. Ìrì sẹ̀ sórí àpáta. Ó kí wọn ní ìdí òdan, ó na ọwọ́, ó ké àmín, ó sì lọ. Ariwo irin ni wọ́n gbọ́. Búrẹ́dì fọ́n ká orí àpáta títí dé ìsàlẹ̀. Ewúrẹ́ ti jí, agbo ewúrẹ́ kan gbáko sì ń bọ̀. Bí ẹlẹ́búrẹ́dì ṣe ń lé ọ̀kan, òmíràn ń jẹ. Òbúkọ kan gbé odidi búrẹ́dì kan sẹ́nu, ó dúró, ó ń wò ó lójú. Àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi ní kí ó pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹnu wọn mú kí ẹ̀rín má bàa jáde.

Wíìlì iwájú ti ká pọ̀ bí ewé gbígbẹ.

Ó gbé e dé ìsọ̀ atajà. Atajà dárúkọ iye rẹ̀. Iye náà ju èyí tó fi ra odidi kẹ̀kẹ́ lọ.

"Olè ni yín!" Bó ṣe wí nìyẹn, lójú gbogbo ọjà. "Ẹ ti rí i pé mi ò rí ibòmíràn lọ, ẹ wá fẹ́ pa mí jẹ."

Atajà náà ti ń fi "ẹ̀yin" pè é láti ìgbà yìí wá. Lọ́jọ́ náà ló pa ọ̀wọ̀ yẹn tì.

"Ìwọ, wá wo ògiri. Mo ní kí o wá wò ó! Kí ló kù lára ìyẹn? Ìwọ nìkan lo jẹ ẹ́ tán, egungun ló kù. Wíìlì kan ló kù sí i. Bí mo bá tà á fún ọ tí o sì fọ́ ọ, kò sí òmíràn mọ́. Kí n gbé e fún ọ ní pọ̀ọ́kú kí o lè yára fọ́ ọ? Èmi ni mo ń dá iye lé e o. Èmi kọ́ ni mo ń fọ́ ọ!"

Kò rí owó náà. Ó padà sílé, ó fi igi àti òkúta lu wíìlì tó ká náà títí ó fi lè yí. Ó lè yí, ṣùgbọ́n kò lè gbé ènìyàn. Ó lọ bẹ ìyá oníbúrẹ́dì.

Ìyá náà ní, "Màá fún ọ ní ìdajì. Obìnrin kẹ̀kẹ́ dúdú á gbé ìdajì tó kù. Bí tìrẹ bá tún bàjẹ́, á gbé gbogbo rẹ̀, mi ò sì ní í pè ọ́ mọ́."

Bó ṣe di pé ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin wa ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ ní ìdí òdan nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò lè sáré kọjá, kò sì lè na ọwọ́, nítorí wíìlì náà ń wọ́, ó fẹ́ kí ènìyàn fi ọwọ́ méjèèjì dì í. Obìnrin kẹ̀kẹ́ dúdú ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń súre fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́búrẹ́dì fi kẹ̀kẹ́ ti igi. Ó dọ̀bálẹ̀.

Ìyá àgbà yẹn ní, "Ta nìyí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹlẹ́búrẹ́dì."

"Ẹlẹ́búrẹ́dì! Ṣé o ní ojú? A rò pé ọwọ́ àti ohùn nìkan ni Ọlọ́run fún ọ."

Àwọn arúgbó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bi í léèrè ilé, ó dáhùn. Wọ́n bi í léèrè ọmọ, ó dáhùn. Wọ́n bi í léèrè ìyàwó rẹ̀, ó yí ojú sí kẹ̀kẹ́.

Ìyá àgbà ní, "Ó dáa, sún mọ́ mi. Àpáta yẹn ti là. Òjò ló là á láàárín gbùngbùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tíì tó, ènìyàn kò lè rí i láti orí kẹ̀kẹ́. Gba ẹ̀gbẹ́ koríko, kí o máa fi ọwọ́ tì í. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni a ń sọ ọ́ fún."

Ọkùnrin náà dúró. Ó ní, "Ìyá, gbogbo ènìyàn? Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ fún èmi?"

"Èmi kò sọ fún ọ?" Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ gbọ́ mi! Ojoojúmọ́ ni mo ń na ọwọ́ sí ọ pé kí o dúró. Ìwọ ń ṣe àmín! Bí mo bá fi máa pe 'gbọ́' jáde lẹ́nu, o ti dé ìsàlẹ̀, ariwo irin ni a ń gbọ́."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé orí àpáta. Ó rí ibi tó là. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Sípóòkù tó ṣẹ́ wà níbẹ̀, rọ́bà bíréèkì wà níbẹ̀, apá jíà àkọ́kọ́ tó ti ń dípẹtà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, bí ènìyàn bá mọ bí a ti ń wò ó. Ibi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń fọ́. Ó ti ń kọjá lórí rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń lọ bá ẹlòmíràn jà nípa iye tí wọ́n ń tà á.

Búrẹ́dì dé abúlé láìfọ́. Àwọn àgbẹ̀ kò tíì mu ẹ̀kọ.

Mi ò ní í purọ́ fún ọ pé gbogbo nǹkan wá dára. Owó ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ kò wálẹ̀. Ó tún gòkè sí i ni. Ó ra wíìlì yẹn nígbà tó yá, ó wọ́n, ó sì kùn bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún padà wá rà á. Ìyá oníbúrẹ́dì kò sì dá ìdajì tó gbà padà fún un. Obìnrin kẹ̀kẹ́ dúdú ló ń gbé e di òní olónìí. Nǹkan mìíràn wà tí ìrònúpìwàdà kì í dá padà. Ó kàn ń jẹ́ kí èyí tó kù má bàa tán ni.

Ó parí. Mo rí i pé o ti fẹ́ dìde. O ní, "Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni mo bá wá, ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́."

Ṣọjí, ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ ni mo ń sọ láti àárọ̀.

Nígbà tí o wọlé, kí ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ? O kò sọ pé o bú u lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnu àwọn aládùúgbò ni mo ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí o wí ni pé àwọn àna rẹ ti le jù. O ní lọ́jọ́sí "má bínú" ti tó, báyìí wọ́n fẹ́ kí odidi ìdílé wá dọ̀bálẹ̀. O ní obìnrin ayé òde òní kò mọ ìdáríjì. O ń bínú sí iye tí wọ́n dá lé e. Èmi ń bi ọ́ pé, ta ló ń fọ́ ọ?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí o ṣe é, o ra ẹja wálé, ó sè é, ẹ jọ jẹ ẹ́. Kò ná ọ ní nǹkan kan. Mo rántí ìgbà tó kan aṣọ, nítorí èmi ni mo bá ọ yan aṣọ náà, ó sì dára. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ kò tó mọ́. Pásítọ̀ ló lọ. Lẹ́yìn pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ gbéra láti ọ̀nà jíjìn. Sùúrù obìnrin yẹn kì í ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ dúdú, Ṣọjí. Kò sí ní gbogbo ọjà. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní, ara rẹ̀ ni ò ń tú u, bó sì ti ń kù díẹ̀ ni ó ń wọ́n. Má bá àwọn àna rẹ jà. Ó yẹ kó wọ́n.

Mi ò sì gbà pé o burú. Bí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní í jókòó. O máa ń kí i. Ò ń na ọwọ́ sókè: o ń san owó ilé ìwé, o ń ra òróró, o ń pè é ní adé orí mi níwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n o kì í sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ọ pé ohun kan wà tó là nínú ilé yín. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ ọ́, nítorí ó ti sọ ọ́ fún èmi. Ó ní bó bá ti la ẹnu, ìwọ á ní, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́, mo ti ń lọ." Kí ni o gbọ́? Kò tíì sọ ọ́!

Màá bá ọ lọ. Mo ti gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó yé ọ pé lẹ́yìn mi, kò sí ẹni tí àwọn ènìyàn yẹn ṣì ń ṣílẹ̀kùn fún nítorí rẹ. Èmi ni ẹ̀yà tó kù lórí ìkọ́. Mi ò ní í gbé aṣọ dání, mi ò ní í gbé ẹja. Mi ò sì ní í gbẹnu sọ fún ọ. Bí a bá débẹ̀, màá kí wọn, màá sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyàwó rẹ ni yóò sọ̀rọ̀. Má sọ pé o ti gbọ́. Má dá a lóhùn láàárín. Má wò mí. Bó bá ní kí o jókòó sílẹ̀, jókòó sílẹ̀. Bó bá sunkún, jẹ́ kí ó sunkún, kí ó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Yóò pẹ́. Jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ sọ ọ́.